Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ṣé kí màmá mi fi T3 kún oògùn jẹjẹrẹ thyroid wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n yọ thyroid màmá mi pátápátá nítorí jẹjẹrẹ irú papillary. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Levothyroxine 125 mcg ni wọ́n ń lò láràárọ̀. Mo wá kà á pé olùgba họ́mónù thyroid kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa tó ń dènà jẹjẹrẹ, àti pé T3 ló ń mú un ṣiṣẹ́. Ṣé ká ra T3 kún oògùn wọn, àbí ká sọ levothyroxine di méjì lóòjọ́? Kí ló sì dé tí dókítà wọn fi ń sọ ọ́ ṣáá pé TSH wọn gbọ́dọ̀ wálẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra T3, ẹ má sì sọ oògùn náà di méjì. Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ kà, àmọ́ ibi tí ẹ gbé e gbà kọ́ ló gbà.

Họ́mónù méjì ni thyroid ń ṣe, ẹ̀yà ara iwájú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀: T4 àti T3. T4 ni levothyroxine. Ara fúnra rẹ̀ ló ń yọ áyódíìnì kan kúrò lára T4 kí ó tó di T3, nítorí náà ẹni tó ń lo T4 bó ṣe yẹ kì í sábà ṣaláìní T3. T3 yìí á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á dé ibi tí olùgbà náà, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ tí họ́mónù bá jẹ́, ti lẹ̀ mọ́ DNA. Oríṣi méjì ni olùgbà ọ̀hún. Jíìnì THRA tó wà lórí kírómósóòmù 17 ló ń ṣe alpha, òun ló pọ̀ jù nínú ọkàn àti egungun. THRB lórí kírómósóòmù 3 ló ń ṣe beta, tó pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú pituitary, ẹ̀yà kékeré abẹ́ ọpọlọ. Nígbà tí T3 kò bá sí, olùgbà yìí kì í jókòó lásán. Ó máa ń pa àwọn jíìnì kan lẹ́nu mọ́ ni. Ìgbà tí T3 bá dé ló tó ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Ara adìyẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé olùgbà yìí kan ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ. Fáírọ́ọ̀sì kan ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fún adìyẹ, ó sì ní jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní v-erbA. Lọ́dún 1986, àwọn tó ń bá Ronald Evans ṣiṣẹ́ ní California àti àwọn tó ń bá Björn Vennström ṣiṣẹ́ ní Heidelberg, Jámánì, rí i pé ojúlówó jíìnì tí fáírọ́ọ̀sì náà jí gbé, olùgba họ́mónù thyroid gan-an ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, kò lè di T3 mú bó ṣe yẹ mọ́.

Ìwádìí tó dáhùn ìbéèrè yín jù lọ ni èyí tí Sheue-yann Cheng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lára eku ní National Cancer Institute, ní Bethesda, Amẹ́ríkà. Wọ́n ba THRB eku náà jẹ́ níbi méjèèjì tí eku ti jogún rẹ̀, lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá. Olùgbà beta kò lè di T3 mú mọ́. Àwọn eku náà ní jẹjẹrẹ thyroid irú follicular, ó sì ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wò ó dáadáa: T3 àti T4 kún inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku yìí ju ti eku tó yá gágá lọ fíìfíì, síbẹ̀ jẹjẹrẹ mú wọn. Họ́mónù kọ́ ló wọ́n wọn, olùgbà tí yóò gbà á ni. Béèyàn bá kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi bó, ẹni tí kò sí nílé kò ní dáhùn.

TSH, họ́mónù tí pituitary fi ń pàṣẹ fún thyroid, sì ga gan-an lára àwọn eku náà. Ṣé TSH nìkan ló fa jẹjẹrẹ ọ̀hún? Wọ́n fún eku tí olùgbà rẹ̀ pé ní oògùn tó ń dí thyroid lọ́wọ́, TSH rẹ̀ ga, thyroid rẹ̀ sì wú, àmọ́ kò di jẹjẹrẹ tó ń ràn káàkiri. Wọ́n tún mú eku tí beta rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n yọ ohun tí TSH ń bá sọ̀rọ̀ lára thyroid rẹ̀ kúrò, jẹjẹrẹ náà kò wáyé. Olùgbà tó bàjẹ́ àti TSH tó ń tì í ló jọ ń ṣiṣẹ́ ibi náà.

Ìdí rèé tí dókítà màmá fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí TSH wálẹ̀. Pituitary ló ń ṣe TSH láti fi pàṣẹ fún thyroid pé kó dàgbà, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ papillary tó bá ṣẹ́ kù náà sì ń gbọ́ àṣẹ yẹn. Bí T4 bá tó nínú ẹ̀jẹ̀, pituitary á dákẹ́. Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ le gan-an, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí TSH rẹ̀ wà lábẹ́ 0.1 mIU/L, ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín, 0.1 sí 0.5, ẹni tí ewu rẹ̀ kéré tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó mọ́, 0.5 sí 2. Papillary àti follicular ni èyí wà fún. Kò kan medullary, irú jẹjẹrẹ thyroid mìíràn, nítorí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ kì í gbọ́ ti TSH.

Bí ẹ bá wá gbé levothyroxine dé 250 mcg, olùgbà alpha inú ọkàn àti egungun ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Àyà á máa já, ọkàn lè máa lù ségesège, èyí tó lè fa rọpárọsẹ̀, egungun obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró á sì máa fúyẹ́. T3 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé kíákíá ló ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun mìíràn wà tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí i: T4 ní ibòmíràn tó ń dì mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì lóde, integrin αvβ3, ibẹ̀ sì ni ó ti lè ti àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan láti máa pọ̀ sí i. Họ́mónù kan náà, ọ̀nà méjì.

Bí ẹ bá ń ka ìwádìí inú láàbù, ẹ wo òṣùwọ̀n. T3 tí wọ́n ń dà sórí sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń jẹ́ 10 sí 100 nM. Èyí tó wà lómìnira nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn kò ju bíi 3 sí 7 pM lọ, ó sì gba 1,000 pM kí ó tó di 1 nM. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú àti ti thyroid, ńṣe ni THRB ti dákẹ́, torí náà bí wọn yóò ṣe dá olùgbà náà padà ni àwọn olùwádìí ń wá. Resmetirom, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lórí beta, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta 2024, ṣùgbọ́n àrùn ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá tó ti ń dápàá ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín láti ṣe ni kí 125 mcg náà wọra. Omi lásán ni kí màmá fi lò ó láàárọ̀, kí wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí wọ́n tó mu tíì tàbí jẹ ẹ̀kọ. Kálísíọ̀mù, tí ọ̀pọ̀ ń lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí i, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù (iron) náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí TSH bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, kálísíọ̀mù yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Nínú Ramadan, ó ṣeé lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, tí ó bá ti pé wákàtí mẹ́ta tí wọ́n jẹun. Ẹ má fi oògùn sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn, ooru ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, kí ẹ̀rù má bà yín, T4 ń pẹ́ nínú ara: ọjọ́ méje ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ.

Bí dókítà bá yí òṣùwọ̀n padà, tàbí tí ilé oògùn fún yín ní ti iléeṣẹ́ mìíràn, ẹ yẹ TSH wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí màmá bá ń lo oògùn irun tàbí èékánná tó ní biotin, kí wọ́n dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú àyẹ̀wò, nítorí ó lè jẹ́ kí TSH hàn bíi pé ó lọ sílẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà wọn ní pàtó pé iye wo ni ó fẹ́ kí TSH wà, àti ìgbà tí yóò jẹ́ kó gòkè díẹ̀ bí àyẹ̀wò thyroglobulin (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá àmì sẹ́ẹ̀lì thyroid tó ṣẹ́ kù) àti scan ọrùn bá ń mọ́. Bí àyà bá ń já láìdáwọ́ dúró, tàbí èémí ń ṣòro, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.