Ìtọrọ Ti Parí: Ìgbà Wo Ni Kí Ètò Yìgì Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Ààfáà wa. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, àwọn òbí mi lọ tọrọ ìyàwó fún mi, àwọn ẹbí ọmọ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì ka Fátíhà. Mo fẹ́ kí ètò yìgì, ìyẹn ìsopọ̀ tọkọtaya ní ìlànà Ìsìláàmù, bẹ̀rẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n àǹtí àfẹ́sọ́nà mi ní kí á dúró fún ọdún kan ààbọ̀ kí a lè rí owó aṣọ ẹbí àti owó gbọ̀ngàn. Ìyá àgbà wọn ní bí a kò bá tilẹ̀ lè dúró tó bẹ́ẹ̀, kí ọjọ́ náà má ṣáà bọ́ sí àárín Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, nítorí pé yìgì tí a bá so láàárín ọdún méjèèjì kì í tọ́jọ́. Ààfáà kan ládùúgbò wa tún wá sọ pé Fátíhà tí wọ́n kà yẹn ti so yìgì, pé kí n máa mú ìyàwó mi lọ. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Kí Ọlọ́hun fi ọwọ́ ire sí ọ̀rọ̀ náà fún ìwọ àti ẹbí méjèèjì. Ohun tí ààfáà àdúgbò yín sọ ni mo máa kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ó lè tì ọ́ sínú ẹ̀ṣẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Ìtọrọ kì í ṣe yìgì. Ìlérí ni, bí ó ti wù kí ẹni tí ó péjọ síbẹ̀ pọ̀ tó. Ní ìlànà Imaamu Maaliki, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ òfin Ìsìláàmù, èyí tí àwọn ààfáà wa bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn ní ilẹ̀ yìí, yìgì kò lè dúró láìsí wáliyù ọmọbìnrin (bàbá rẹ̀ tàbí ẹni tí ó dúró fún un), láìsí sọ̀dáàkì (ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó nítorí yìgì), àti láìsí ọ̀rọ̀ ìfifún pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbà tí ó ń sọ wọ́n di tọkọtaya lójú ẹsẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí ó jẹ́ olódodo sì gbọ́dọ̀ ti jẹ́rìí sí i kí ọkọ tó wọlé tọ ìyàwó. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà, tí àwọn onílé sì dáhùn pé àwọn gbà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ níbẹ̀ pé ọjọ́ yìgì ṣì ń bọ̀. Bí yìgì bá ti so lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kí ni wọ́n tún jókòó tí wọ́n ń dá? Àdúrà ni Fátíhà tí wọ́n kà. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di yìgì ti dá ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn sílẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ń fi àdádáálẹ̀ náà ṣe ju pé ó ń ṣílẹ̀kùn zinà (àgbèrè) sára ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí náà, àjèjì ni ọmọbìnrin náà ṣì jẹ́ sí ọ. Ojú rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ìlànà wa gbà kí ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ọmọ wò, pẹ̀lú ìmọ̀ rẹ̀ tàbí ti wáliyù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé tí ẹ máa gbé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tàbí bàbá rẹ̀ bá yín lọ.

Ìtọrọ ní ìwúwo tirẹ̀ ṣá o. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún Mùsùlùmí láti tọrọ obìnrin tí arákùnrin rẹ̀ ti tọrọ, títí tí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi yọwọ́ tàbí tí yóò fi yọ̀ǹda. Ìtumọ̀ èyí ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà fún ọ ni o ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ọkùnrin yòókù tí ó lè wá tọrọ rẹ̀. Ìbá dára bí àwọn tí ń fi ọdún méjì, ọdún mẹ́ta sí àárín ìtọrọ àti yìgì bá lè ronú sí èyí: ọmọbìnrin náà ń dàgbà sí i, kò lè gba ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì di aya ẹnikẹ́ni.

Ti ìyá àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan kórìíra ìgbéyàwó nínú oṣù Shawwal, oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ gan-an, nítorí pé wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ fura ibi. Aishat, ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo, ni ó já irọ́ náà. Ó ní inú oṣù Shawwal ni Ànábì fẹ́ òun, inú oṣù Shawwal ni òun wọlé rẹ̀, ó sì béèrè pé èwo nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ni ó rí ojúure rẹ̀ ju òun lọ? Ó tún fẹ́ràn kí àwọn obìnrin ilé rẹ̀ máa wọlé ọkọ nínú oṣù yìí. Imaamu Muslim ni ó gba hadiisi náà (ìròyìn nípa Ànábì) wá sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí a kọ yìgì fún ní àsìkò hajj ni ẹni tí ó wọ ihraamu, ìyẹn ipò tí alálàájì ń wọ̀ láti ṣe hajj, ìwọ tí o sì wà ní Ìbàdàn kò sí nínú ihraamu. Ṣùgbọ́n má ṣe fi hadiisi yìí pariwo mọ́ ìyá àgbà. Dọ̀bálẹ̀, kí o rọra sọ ìtàn Aishat fún wọn. Ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ ohun tí wọ́n sọ.

Ní ti ìgbà tí ètò yóò bẹ̀rẹ̀, sharia kò dá iye oṣù kan. Ó yẹ kí o ti ka sọ̀dáàkì àti owó ilé kí ẹsẹ̀ àwọn òbí rẹ tó kan ilé wọn. Bí ó bá wà nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ètò bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó kéré jù fún sọ̀dáàkì lọ́dọ̀ àwa tí a ń tẹ̀ lé Maaliki ni ìdá mẹ́rin dínárì wúrà, èyí tí ó fi díẹ̀ lé ní gíráàmù 1. Abdurrahman ọmọ Awf, tí ó wà nínú àwọn olówó sàhábà (àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì), fi wúrà tí ó wúwo tó kóró dàbínù kan fẹ́ ìyàwó ní Mẹdínà, Ànábì kò sì mọ̀ títí ó fi rí àbàwọ́n lọ́fínńdà aláwọ̀ ìyeyè lára rẹ̀. Ànábì kò bínú pé wọn kò pe òun. Ó ṣe àdúrà fún un, ó sì ní kí ó se àsè, ìbáà ṣe pẹ̀lú àgùntàn kan.

Wò ó dáadáa: yìgì ti parí kí ọ̀rọ̀ àsè tó wáyé. Ní ìlànà wa, ẹ̀yìn tí ìyàwó bá ti wọlé ni àsè ti dára jù. Ẹ so yìgì ní mọ́sálásí lójú ẹbí àti aládùúgbò, kí ìyàwó rẹ máa bọ̀ wá sílé. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí kí ó lọ so yìgì sínú yàrá ilé ẹ̀kọ́ gíga bí àwọn ọmọ kan ti ń ṣe, tí wọ́n á ní kí ẹlẹ́rìí bò ó mọ́ra. Maaliki kò fara mọ́ yìgì tí wọ́n bá ní kí àwọn ẹlẹ́rìí fi pamọ́.

Mú àgbàlagbà kan tọ bàbá ọmọbìnrin náà lọ lẹ́yìn Jímọ̀ tí ń bọ̀, kí ẹ dá ọjọ́. Bí aṣọ ẹbí bá sì jẹ́ dandan lọ́dọ̀ àǹtí, kí wọ́n máa rà á díẹ̀díẹ̀ de ọjọ́ àsè. Kì í ṣe aṣọ ni a ń so yìgì fún. Wallaahu a'lam.