Bingo ti ń sọ ọ́ tipẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Alájá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, yàrá mi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bingo, ajá mi, ti pé oṣù 5. Kì í gbó, kì í ké, ẹ̀yìn àga ló máa ń lọ tọ̀ sí, ẹsẹ̀ mi ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Mo ti fi imú rẹ̀ nu ún, mo ti nà án, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ tí mo bá jẹ kù ni mo ń fún un. Onílé ti ń fojú burúkú wò mí. Ṣé ajá ṣeé kọ́ kó máa sọ pé òun fẹ́ jáde? (Ọmọ Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kọ́kọ́ fi imú Bingo sílẹ̀ ná. Ìtọ̀ tó ti tọ̀ tipẹ́, kò mọ̀ pé torí ẹ̀ lo ṣe ń lù ú. Ohun tó kọ́ nínú ìyà yẹn ni pé kò dáa kí ajá tọ̀ níṣojú rẹ. Ẹ̀yìn àga tó ń lọ nìyẹn.

O ní kì í sọ. Ó ń sọ! Ṣọ́ ọ lálẹ́ òní, bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn tó bá jẹun. Á ṣíwọ́ eré, á máa fimú tọ ilẹ̀, á pòòyì lójú kan, á wo ìlẹ̀kùn, á wá wo ojú rẹ. Fóònù ni ìwọ ń wò ní tìrẹ.

Ohùn ni kò ní. Bàbá mi ṣọdẹ, ó máa ń so ṣaworo mọ́ ajá lọ́rùn kí etí rẹ̀ lè bá a lọ nínú igbó. Ìlẹ̀kùn ni èmi so tèmi mọ́ níbí ní Ìpẹru. Onílù dùndún kan ló fún mi ní 3 lára ìyáàlù rẹ̀ tó bàjẹ́.

Wá ṣaworo kan, àmọ́ má tíì so ó. Dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, fi ẹja yíyan díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Bí imú Bingo bá ti kàn án tó dún, “O káre!”, kí ẹja wọ ẹnu rẹ̀ kíá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún nírọ̀lẹ́, títí tí kò fi ní máa wò ó mọ́ kó tó kàn án. Ìgbà náà ni kó o wá so ó mọ́ ìlẹ̀kùn, níbi tí imú rẹ̀ tó, kó o má sì ṣílẹ̀kùn fún un láìjẹ́ pé ó dún. Fi okùn mú un sọ̀kalẹ̀ lọ síbì kan náà lójoojúmọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kó o ti yìn ín bó bá tọ̀ tán, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá gòkè.

Lọ́jọ́ tó bá fúnra rẹ̀ lù ú, bó o tilẹ̀ ń ro ẹ̀bà, ju omorogùn sílẹ̀. Sùúrù, ajá tèmi, lu ṣaworo lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń gbọ́ ìròyìn. Mo ní, “Dúró ná.” Ó tún lù ú. N ò dìde. Ó bá rọra kọjá lọ sórí gèlè aṣọ òkè tí mo tẹ́ sílẹ̀ de Ojúde Ọba, ó sì ṣe tiẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo tún gbé e wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sáà sọ fún mi.

Bingo á rẹ́ ọ jẹ o. Bó bá ti mọ̀ pé ṣaworo ń ṣílẹ̀kùn, á máa lù ú kó lè lọ lé adìyẹ. Mú un lọ síbi tó ti ń tọ̀, dúró bí òpó fún ìṣẹ́jú 5. Bí kò bá tọ̀, ẹ padà, kò séré, kò sọ́rọ̀.

Oúnjẹ alẹ́ yẹn ńkọ́? Mo mọ ọmọ Ìjẹ̀bú, ìkọ́kọrẹ́ ni. Iyọ̀ rẹ̀ á mú un mumi, omi á wá jí i lóru. Bí àlùbọ́sà bá wà níbẹ̀, májèlé ni fún ajá. Fún un ní tiẹ̀ láago 6, kó sì jáde kẹ́ ẹ tó sùn. Ajá oṣù 5 kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju bíi wákàtí 5 lọ, nítorí náà wàá ṣì jí lẹ́ẹ̀kan. Fi ọṣẹ fọ ẹ̀yìn àga yẹn, kó o tún fi fínígà nù ún, torí ibi tó bá ṣì ń rùn ló máa padà sí. Bó bá ti mọ̀ ọ́n tán, tó wá ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, dókítà ẹran ni kó o gbé e lọ bá.

Ní ti onílé, lọ kí i kó o tó so ṣaworo, kó má baà rò pé o ti ń bọ òrìṣà lókè.