Alájà tí mò ń tọ́jú kò jẹun mọ́: ibo ni mo ti lè kọ́ ìtọ́jú wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Mò ń bá wọn tọ́jú Alájà kan níbí ní Ìlọrin, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Dókítà ní àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn, ká máa tọ́jú wọn nílé. Wọn ò fẹ́ jẹun mọ́, oorun ni ṣáá. Àwọn ọmọ wọn ní kí n máa rọ wọ́n lẹ́kọ. Mi ò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ǹjẹ́ ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú o. Ó wà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣíbí ẹ̀kọ yẹn sílẹ̀ ná.

Ara tó ń lọ sópin kì í bèèrè oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ebi ló ń pa Alájà lọ; àìsàn náà ló pa ebi kú lára wọn. Mo dé ilé kan rí l'Ómù-Àrán tí wọ́n ti tẹ́ baba wọn gbalaja, tí wọ́n ń rọ wọ́n lẹ́kọ. Ó ta baba lórí, ẹ̀kọ ń gba imú jáde, ìyókù wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àyà wọn fi ń dún hùrùhùrù. Ìfẹ́ ló mú àwọn ọmọ yẹn ṣe é. Kò sẹ́ni tó là wọ́n lọ́yẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ tẹ palliAGED sórí Google. Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é, ní Yunifásítì Flinders, fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ẹ wá "Practice Tip Sheets" níbẹ̀, ìyẹn ìwé ìmọ̀ràn kéékèèké lórí iṣẹ́ ìtọ́jú. Ti nọ́ọ̀sì wà, ti "careworkers", àwọn tó ń tọ́jú èèyàn láì jẹ́ nọ́ọ̀sì, náà wà: ìyẹn ni tiyín. Kò gùn, ẹ sì lè wà á sórí fóònù kí dátà tó tán. Ẹgbẹ́ African Palliative Care Association ní Kampala, ní Ùgáńdà, tó ń rí sí ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn, náà ní ìwé ọ̀fẹ́ tó sún mọ́ ipò tiwa.

Nínú ìwé palliAGED, èyí tó sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹnu Alájà. Tí nǹkan funfun bá bo ahọ́n wọn, ẹ sọ fún dókítà. Ó ní oògùn, ó sì lè jẹ́ òun ni kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé nǹkan mì. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ tó tutù nu ẹnu wọn, kí ẹ fi òrí díẹ̀ pa ètè. Tí wọ́n bá la ojú tí wọ́n sì béèrè nǹkan, ẹ fi ìrọ̀rí gbé wọn jókòó, ẹ fún wọn díẹ̀díẹ̀.

Oògùn tí ẹ bá kà níbẹ̀, ẹ má lọ rà á ní kẹ́míìsì. Tí ìrora bá wà, dókítà ni kó wọn mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, fún wọn. Bó bá wọ̀n ọ́n dáadáa, kì í pa èèyàn, àmọ́ ó máa ń mú ìgbẹ́ le, ẹ béèrè oògùn ìyẹn pẹ̀lú.

Àwọn ìwé yẹn tún ní ká béèrè ohun tí aláìsàn fẹ́ nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" la fi ń pa ọ̀rọ̀ yẹn dé. Ẹ rọra bi Alájà: ta ni wọ́n fẹ́ kó jókòó tì wọ́n, ṣé wọ́n fẹ́ ká máa ka Yásínì sí wọn létí?

Tó bá yá, èémí wọn lè máa dúró díẹ̀ kó tún padà, ọ̀fun sì lè máa dún. Ẹ ka ibi tó ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá kí ó tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má baà sáré gbé wọn sínú mọ́tò lóru.