Ẹ má fi ogójì túmọ̀ àádọ́ta

Arákùnrin kan bi mí pé kí ni ìtumọ̀ “àádọ́ta”, nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò n’Ìbàdàn níbí pé “ẹ̀wá tó lé lórí ogójì” ni, àti pé bí èèyàn bá sì fẹ́, kó ní ẹ̀wá ló dín nínú ọgọ́ta, ìkan náà ni, ìṣirò kò mọ ẹ̀yìn, kò mọ iwájú. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ta ló ń jiyàn pé ogójì àti ẹ̀wá jẹ́ àádọ́ta? Ìtumọ̀ orúkọ la béèrè, a ò béèrè iye. Ẹ fetí sí ìdí ọ̀rọ̀ náà: “ta” lẹ máa gbọ́. Ẹ̀ta nìyẹn, bó ṣe wà nídìí ọgọ́ta tí í ṣe ogún mẹ́ta. Ká ní ara ogójì ló ti wá ni, “jì” là bá gbọ́. Ẹ̀wá dín nínú ọgọ́ta ni àádọ́ta, bí àádọ́rin ṣe jẹ́ sí ọgọ́rin.

Ohun tí mo gbà, tí ẹnikẹ́ni ò lè yí mi lọ́kàn padà lórí ẹ̀, ni pé ọwọ́ ẹni tó ń ka nǹkan nílẹ̀ ló sọ nọ́ńbà wa lórúkọ. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé Ìjàyè kí Ìbàdàn tó tú u ní 1862, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887: wọ́n á da owó ẹyọ sílẹ̀, wọ́n á máa fa márùn-ún márùn-ún, títí á fi di òkìtì ogún. Òkìtì márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba.

Èmi ò tiẹ̀ nílò ìwé rẹ̀. Ìyá ìyá mi ta obì l’Ọjàaba, nísàlẹ̀ Màpó, orí ẹní ló sì máa ń da obì sí. Ọwọ́ kan, márùn-ún. Ọwọ́ mẹ́rin, òkìtì kan. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màmá kì í ka ọwọ́ mẹ́ta. Òkìtì tó ti wà nílẹ̀ ló máa nawọ́ sí, á bu márùn-ún kúrò, á ní, “Ó yá, kó o.” Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan fẹ́ ẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ta. Màmá to òkìtì mẹ́ta, ọgọ́ta. Ó bu ọwọ́ kan, ó ku márùndínlọ́gọ́ta. Ó bu ìkejì, ó ku àádọ́ta. Ó bu ìkẹta, ó ku márùndínláàádọ́ta. Ẹ ò rí i pé orúkọ yẹn ń tẹ̀lé ọwọ́ ẹ̀ ni? Iye tó sì bù kúrò, ẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni.

Ní ti ẹ̀yìn àti iwájú, “lé” kò bìkítà: kí ẹ̀wá ṣáájú ẹ̀rin, kí ẹ̀rin ṣáájú ẹ̀wá, ẹ̀rìnlá ni. Ìlọ́po náà ò bìkítà: ogún márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, ogún lọ́nà mẹ́wàá, igba ni. “Dín” ló le. Yọ márùn-ún nínú ogún, obì ṣì wà nílẹ̀. Yọ ogún nínú márùn-ún, o ti jẹ gbèsè ẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kódà ibi tí o ti dì í pọ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́ta, kí o tún yọ márùn-ún: márùndínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yọ márùn-ún nínú ẹ̀wá ná, kí o wá fi èyí tó kù yọ nínú ọgọ́ta: márùndínlọ́gọ́ta. 60, 10 àti 5 náà ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, síbẹ̀ obì mẹ́wàá ni ìyàtọ̀ àárín wọn. Lọ́jà, ìjà nìyẹn.

Ó dùn mí pé bí ẹ bá pe márùndínláàádọ́ta lónìí, ọmọ tó dàgbà sí Ìbàdàn á máa wo ẹnu yín, àfi “fọ́tì-fáìfù”. Wọ́n ń kọ́ òfin ìṣirò bí ohun tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá, bẹ́ẹ̀ ẹnu ìyá ìyá wọn ló wà. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, àwa la ò kà á sétí wọn.

Torí náà, bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ kó kọ 60 dín 10 sínú ìwé ẹ̀. Bí olùkọ́ bá fagi lé e, ẹ ní kó to òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní ogún mẹ́ta, kó bu ọwọ́ méjì níwájú olùkọ́.