Rọ́bà ọrùn màmá mi, ṣé wọn ò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ la wà. Kídìnrín màmá wa ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe dáyálísísì, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, rọ́bà kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni wọ́n fi sí wọn lọ́rùn. Dókítà wá ní ká wá owó rọ́bà míì tó máa pẹ́, pé wọ́n á tún ṣiṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ wọn. Kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Nọ́ọ̀sì dáyálísísì ni mí, ojoojúmọ́ ni mò ń rí rọ́bà yìí.

Ti pàjáwìrì lèyí tó wà lọ́rùn wọn, kò yẹ kó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ torí ibi tó ti wọ awọ ara ò jìnnà rárá síbi tó ti wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀, kòkòrò tó bá dé ojú ọgbẹ́ yẹn ti dénú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ń pẹ́, abẹ́ awọ àyà ni wọ́n ń fà á gbà kó tó wọ iṣan ọrùn, nǹkan bí aṣọ kan sì wà lára ẹ̀ tí ẹran máa hù mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, òun ló ń dì í mú tó tún ń dínà fún kòkòrò. Ó lè lo oṣù púpọ̀, ti ẹlòmíì máa ń lé lọ́dún.

Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ sún iṣẹ́ abẹ ọwọ́ síwájú, ẹ jọ̀ọ́. Fístúlà ni wọ́n ń pè é, àtọdún 1966 làwọn dókítà Amẹ́ríkà ti kọ nípa ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n ń so pọ̀ lọ́wọ́, kò sì sí rọ́bà kankan níta tí kòkòrò máa bá wọlé. Ó tó oṣù kan ààbọ̀ sí mẹ́ta kó tó gbó débi tí wọ́n lè máa fi abẹ́rẹ́ dáyálísísì gún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yára. Ọwọ́ tí wọ́n bá ti yàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ tàbí kó fa omi sí i.

Rọ́bà yẹn náà, ẹ má jẹ́ kí alákẹ́mísì fi dírípù sí i láéláé! Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì la máa ń fi sínú ẹ̀ tá a bá ṣe tán, tẹ́ni tí ò mọ̀ bá tì í wọnú ara lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Kí omi má kàn án tí wọ́n bá ń wẹ̀.

Tí òtútù bá wá ń mú màmá, tí wọ́n ń gbọ̀n, pàápàá lọ́jọ́ dáyálísísì, ẹ má sọ pé ibà lásán ni kẹ́ ẹ wá máa se àgbo, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé rọ́bà wà lọ́rùn wọn.