AS fẹ́ AS: ṣé ọmọ kẹrin ni yóò jẹ́ SS?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. WAEC wa ti sún mọ́lé, mi ò sì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnkà bàọ́lọ́jì. Orí wo ló ṣe pàtàkì jù? Tíṣà lẹ́sìnì wa tún ní tí ẹni tí jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS bá fẹ́ AS, ọmọ mẹ́ta máa bọ́, ọ̀kan máa jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell). Ṣé ọmọ kẹrin nìyẹn?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kò sí orí tí mo lè ní kí o fò. Bẹ̀rẹ̀ látorí sẹ́ẹ̀lì, torí ẹni tí sẹ́ẹ̀lì ò bá yé, bí ewé ṣe ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ rẹ̀ ò ní yé e. Gbé ìbéèrè ọdún tó kọjá síwájú, pa ìwé dé, kí o sì kọ ìdáhùn.

Ìbéèrè kejì rẹ ló mú mi jókòó. Ọdọọdún ni mò ń rí àṣìṣe yìí nínú ìwé àwọn ọmọ, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí.

Kò sí ọmọ kẹrin kankan níbẹ̀. Àpótí onílé mẹ́rin tí ẹ ń yà ní kíláàsì kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Oyún kan ṣoṣo ni, àti ọ̀nà mẹ́rin tó lè gbà já sí: AA kan, AS méjì, SS kan.

Wá ife méjì, ti bàbá àti ti ìyá. Fi hóró ẹ̀wà funfun kan àti pupa kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Funfun ni A, pupa ni S. Dijú, mú hóró kan nínú ife kọ̀ọ̀kan: oyún kan nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀, dá hóró méjèèjì padà, kí o tún mú. Dídá tí o dá a padà yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Ife ò rántí ohun tó jáde lẹ́ẹ̀kan. Tọkọtaya AS lè bí ọmọ mẹ́rin kí gbogbo wọn jẹ́ SS, wọ́n sì lè má bí ọ̀kan. Ṣírò rẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni pé oyún kan kò ní jẹ́ SS; fún ọmọ mẹ́rin, ó di 3/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4, ìyẹn 81 nínú 256. Nǹkan bí 32 nínú 100 irú ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí SS rárá. Àwọn aládùúgbò á wá wo irú wọn, wọ́n á ní irọ́ ni dókítà ń pa.

Mendel pàápàá, onímọ̀ tó fi ẹ̀wà pea ṣèwádìí bí ọmọ ṣe ń jogún àbùdá òbí, nígbà tó ka hóró pea rẹ̀, rí 5,474 tó rí rọ́bọ́tọ́ àti 1,850 tó hunjọ. Iye tó kà pọ̀ ni ìpín mẹ́ta sí ọ̀kan fi hàn. Ọmọ mẹ́rin kéré jù fún un.

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń polówó àgbo tó ń sọ AS di AA. Ọjọ́ tí àtọ̀ pàdé ẹyin ni ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ẹ má fi owó yín ṣòfò. Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe dókítà, nítorí náà ẹni tó ń múra ìgbéyàwó, kó ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti rí ìwé àyẹ̀wò tó pe AS ní AA.

Nínú ìdánwò, má kọ “ọmọ kan nínú mẹ́rin.” Kọ ọ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni, fún oyún kọ̀ọ̀kan.