Nọ́ńbà 19 pupa tó wà lára lẹ́tà yín

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ ra lẹ́tà kan ní ọjà àlòkù, láti Boston sí Liverpool, oṣù Karùn-ún 1853. Kò ní sítáǹpù, kò ní àpò ìwé; bébà kan ṣoṣo tí wọ́n ká, tí wọ́n fi ìda pupa lẹ̀ pa ni. Òǹtẹ̀ PAID pupa wà níwájú rẹ̀, 19 pupa gbàǹgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ PAID, ẹnì kan sì ti fi kálàmù kọ 24 sí igun. Ẹ wá ń béèrè pé kí ni 19 yẹn, ṣé ayédèrú ni torí pé kò bá 24 mu, àti pé ṣé kí ẹ fi omi nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ kí ẹ tó tà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi kàn án. Màá padà sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú 19, torí pé òun gan-an ni kò jẹ́ kí n fura sí lẹ́tà yín.

Ìjà ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà orí òkun láàárín Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Keje 1840 tí Britannia, ọkọ̀ ojú omi ti Samuel Cunard, ti gbéra ní Liverpool lọ sí Halifax àti Boston, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà yẹn wà. Nígbà tí Amẹ́ríkà náà rán ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń jẹ́ Washington jáde láti New York ní oṣù Kẹfà 1847, ilé ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kí lẹ́tà inú rẹ̀ san sílè kan, bí ẹni pé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá. Owó ọkọ̀ tí wọn kò wà! Ó di oṣù Kẹfà 1848 kí Amẹ́ríkà tó gbẹ̀san: àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba 24 sẹ́ǹtì lórí lẹ́tà tó bá bá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Wọ́n ń gba owó òkun lẹ́ẹ̀mejì lórí bébà kan. Oṣù díẹ̀ péré ni ẹ̀san yẹn fi wà, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà ìgbà náà fi wọ́n gan-an lónìí.

Àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní oṣù Kejìlá 1848, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1849, ló parí ìjà. Lẹ́tà tí kò bá ju ìdajì ọ́ǹsì lọ di 24 sẹ́ǹtì, tí í ṣe sílè kan lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pín owó náà sọ́nà mẹ́ta: 5 sẹ́ǹtì fún ìrìn orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 16 fún òkun, 3 fún ìrìn orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orílẹ̀-èdè tó bá ni ọkọ̀ ló ń mú 16 yẹn.

Ẹ wá wo lẹ́tà yín. Ẹni tó kọ ọ́ san 24 sẹ́ǹtì lórí káńtà ní Boston, akọ̀wé sì fi kálàmù kọ ọ́. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà máa bá lọ. Nítorí náà 16 ti òkun àti 3 ti orí ilẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì: 19. Amẹ́ríkà mú 5 tirẹ̀. 19 pupa yẹn kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni san, gbèsè tí Boston jẹ Liverpool ni. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, 3 péré ni ẹ máa rí, torí pé ti orí ilẹ̀ nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì máa gbà.

Àwọ̀ yíǹkì náà ń sọ̀rọ̀. Pupa: wọ́n ti sanwó, ilé ìfìwéránṣẹ́ tó gbowó jẹ èkejì. Dúdú: wọn kò sanwó, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló máa san, ilé ìfìwéránṣẹ́ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ń béèrè ìpín tirẹ̀. Tí lẹ́tà bá kúrò ní Amẹ́ríkà láìsanwó, 21 dúdú ni ẹ máa rí tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà bá gbé e (5 pẹ̀lú 16), 5 dúdú tó bá jẹ́ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ yí i padà fún lẹ́tà tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀: tí wọ́n bá ti sanwó, 5 pupa fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 21 pupa fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà; tí wọn kò bá sanwó, 19 dúdú tàbí 3 dúdú. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì yín. Tèmi wà nínú pọ́ọ̀sì mi títí di òní, ó sì nídìí.

Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà òkun jọ, mo rí ọ̀kan ní gbàǹjo: New York sí Liverpool, oṣù Kẹwàá 1860. Sítáǹpù 24 sẹ́ǹtì tó jáde lọ́dún yẹn gan-an wà lórí rẹ̀, àwọ̀ èsè àlùkò tó ṣí, orí George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, mọ́ kedere, òǹtẹ̀ dúdú sì gba orí sítáǹpù kọjá sórí bébà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń nawọ́ sókè. £240 ni mo san, owó tí mo ti fi oṣù márùn-ún tù jọ. Mo gbé e délé, mo fi han ìyàwó mi, mo fi han ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàbá àgbà kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi mú lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Kò tilẹ̀ wo sítáǹpù. Ó fi ìka sí igun òsì, ó ní, "Kà á fún mi." Mo kà á: 21, dúdú. Ó tún fi ìka sí àárín: 1/-, ìyẹn sílè kan, dúdú. Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, ara mi sì tutù.

Tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá fi sítáǹpù san 24 sẹ́ǹtì ní New York, kí ló dé tí Amẹ́ríkà tún fi ń béèrè 21 lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Kí ló dé tí Liverpool fi gba sílè kan lọ́wọ́ ẹni tí lẹ́tà dé bá? Lẹ́tà tí wọn kò sanwó rẹ̀ rárá ni. Láìní sítáǹpù ló ṣe sọdá òkun. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ni ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ kan wá mú sítáǹpù ojúlówó láti ibòmíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì ya òǹtẹ̀ lé e kí ó lè dà bíi pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wà. Nígbà tí mo fi awò ìwo-nǹkan-kékeré wò ó, mo rí i: ìlà òǹtẹ̀ orí sítáǹpù ń dán lórí bébà, ṣùgbọ́n yíǹkì 21 ti wọnú bébà ṣinṣin, ó ti ràn díẹ̀ lẹ́bàá etí rẹ̀. Ojúlówó ni sítáǹpù, ojúlówó ni lẹ́tà, irọ́ ni àpapọ̀ wọn. Ẹni tó tà á fún mi ní òun kò mọ̀, kò sì dá owó mi padà. Mo ṣì ní lẹ́tà náà. Mo kọ "sítáǹpù kì í ṣe ti ibí" sórí káàdì, mo fi sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ mi má baà fi rẹ́ ẹlòmíràn jẹ.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í kọ́kọ́ wo sítáǹpù mọ́. Nọ́ńbà ni mò ń kà, mò ń ro ó pọ̀, tí kò bá pé 24 mo máa ń fi sílẹ̀ títí màá fi mọ ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn ìdí wà lóòótọ́. Lẹ́tà láti California ń san 29, torí pé 10 ni owó orí ilẹ̀ láti ibi jíjìn yẹn dípò 5, títí di 1863. Lẹ́tà tó ju ìdajì ọ́ǹsì lọ san ìlọ́po méjì; èyí tó bá ju ọ́ǹsì kan lọ fò lọ sí ìlọ́po mẹ́rin tààrà, kò sí ìlọ́po mẹ́ta títí di 1866. Tí wọ́n bá fi lẹ́tà 1855 tó san 72 sẹ́ǹtì, ìyẹn 24 lọ́nà mẹ́ta, hàn yín, ẹ béèrè ìbéèrè kí ẹ tó mú owó jáde.

Òfin kan tún wà tó máa ń dùn mí bí mo bá rí i lára lẹ́tà: àbọ̀ owó kò wúlò. Ẹ lè rí lẹ́tà tó ní sítáǹpù 12 sẹ́ǹtì kan ṣoṣo, ẹni náà bóyá kò mọ̀, bóyá kò ní èkejì. Wọn kì í ka 12 yẹn sí rárá. Wọ́n á ṣe lẹ́tà náà bíi pé kò san nǹkan kan, ẹni tó wà ní òdìkejì òkun á sì san sílè kan gbáko. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí ayédèrú lójú ẹni tí kò mọ òfin yìí, bẹ́ẹ̀ ojúlówó ni.

Ìgbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Ìjọba tẹ owó bébà, iye rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ sí ti wúrà. Láti 1863, lẹ́tà tó bá dé láti òkèèrè láìsanwó máa ń gba òǹtẹ̀ oníye méjì: iye tí ẹ máa san bí ẹ bá mú owó irin wá, àti iye tó ju ìyẹn lọ bí ẹ bá mú bébà wá. Àwa tí a mọ iye dọ́là ní báńkì àti iye rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá ọ̀nà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Mo ní mẹ́rin nínú wọn, kò sí méjì tí iye bébà wọn dọ́gba.

Nígbà tó yá owó wálẹ̀: 12 sẹ́ǹtì ní 1868, 6 ní 1870, 5 ní oṣù Keje 1875 lábẹ́ àjọ ìfìwéránṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bern, ní Switzerland. Lábẹ́ àjọ yẹn, kálukú ń tọ́jú ohun tó bá gbà, nọ́ńbà gbèsè sì parẹ́ lára lẹ́tà. Lẹ́yìn 1875 mi ò fi bẹ́ẹ̀ rà mọ́.

Ẹ tún béèrè bóyá kí ẹ ka ohun tó wà nínú lẹ́tà yín. Ẹ kà á! Lẹ́tà àwọn oníṣòwò òwú ni mò ń wá jù. Mo ní ọ̀kan láti New Orleans sí Liverpool, 1851. Ojú ìwé mẹ́ta ni, iye owó òwú, iye ìdì tó wà ní èbúté, ipò omi odò. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà lẹ́wà débi pé ó dà bí iṣẹ́ ọnà. Àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló gbin òwú yẹn, àwọn ló ká a, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nípa ẹnikẹ́ni nínú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlú Liverpool tí mò ń gbé yìí ni wọ́n ti já lẹ́tà náà. Mo máa ń rìn kọjá ní àdúgbò yẹn bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tó béèrè lẹ́yìn yín nípa lẹ́tà Èkó: láti 1852 ni ọkọ̀ African Steam Ship Company ti ń gbé lẹ́tà láàárín etíkun wa àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n sítáǹpù Èkó kò jáde títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1874. Lẹ́tà 1866 tó gbé sítáǹpù Èkó sára, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi. Yíǹkì ìkọ̀wé ìgbà yẹn sábà máa ń ní irin nínú. Omi máa ń jẹ́ kó ràn, ó sì lè ṣí òǹtẹ̀ pupa kúrò, ẹ ó wá ní bébà mímọ́ tí kò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ká rẹ̀, ìda máa yọ́. Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó ya. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ìlà ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè ló fi sílẹ̀, ó sì wọ inú orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ má fi sínú ọ̀rá PVC rírọ̀, torí ó máa ń sun òróró. Ọ̀rá polyester ni kí ẹ rà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ, tí oòrùn kò dé. Pẹ́ńsù nìkan ni kí ẹ fi kọ nǹkan, orí káàdì ọ̀tọ̀ sì ni, kì í ṣe orí lẹ́tà.

Nípa títà, kò ní mú owó ńlá wá. Lẹ́tà 19 pupa tí kò ní sítáǹpù pọ̀ lọ́jà. Kò tó ohun tí ẹ ń gbé lọ fún Royal Philatelic Society ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Philatelic Foundation ní New York láti gba ìwé ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Owó ìwé ẹ̀rí lè ju ti lẹ́tà lọ. Ti èmi bá ni, màá tọ́jú rẹ̀, torí pé kò sí lẹ́tà tó dára jù ú lọ láti fi kọ́ ìṣirò yìí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo ọjọ́ tó wà nínú òǹtẹ̀ Boston. Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbéra ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ síbẹ̀, Ọjọ́rú sì ni ọkọ̀ Cunard máa ń kúrò ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní oṣù Karùn-ún 1853, Ọjọ́rú bọ́ sí 4, 11, 18 àti 25. Ẹ yà á ní fọ́tò, iwájú àti ẹ̀yìn, kí òǹtẹ̀ Liverpool tó wà níbẹ̀ náà hàn, kí ẹ sì sọ èyí tí ó jẹ́ fún mi.